Apoògùn Kì í Ṣe Ẹni tí ń Ka Oògùn Lásán

Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni Yorùbá sábà máa ń fi sọ ọ́ lórúkọ. Ahunṣọ ni ẹni tí ń hun aṣọ. Apẹja ni ẹni tí ń pa ẹja. Apoògùn sì ni ẹni tí ń po oògùn. Kò sí ohun tí ó jọ kíka hóró oògùn sínú ọ̀rá nínú orúkọ yìí. Síbẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkà lọ ni ètò adójútòfò ìlera ní Nàìjíríà ṣe ń bá apoògùn lò. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé ó yẹ kí ètò náà máa sanwó oògùn tí apoògùn fọwọ́ ara rẹ̀ pò fún aláìsàn kan pàtó, èyí tí a ó máa pè ní oògùn àpòfúnni.

Ìka kò dọ́gba; ara kò sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ ọwọ́ kan tí àrùn ọkàn ń yọ lẹ́nu, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 5. Bí dókítà bá ní kí ó lo furosemide mílígíráàmù 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 5 ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan. Hóró tí ó wọ́pọ̀ lórí àtẹ sì jẹ́ mílígíráàmù 40. Ta ni yóò fi abẹ gé hóró kan sí ọ̀nà 8 tí gbogbo rẹ̀ yóò dọ́gba? Níbi tí olómi rẹ̀ kò bá sí, apoògùn ni yóò lọ hóró náà kúnná, tí yóò pò ó mọ́ omi dídùn tí ó yẹ, kí ìwọ̀n tí ọmọ ń mu lè dájú. Bákan náà ni ti àgbàlagbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gbé hóró mì mọ́.

Òfin ọdún 1999 ni ó dá ètò yìí sílẹ̀. Ní 2005 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2022 fi í sí ìkáwọ́ NHIA, ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà lábẹ́ ètò náà ń san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn tí ó wà nínú àkójọ. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, òun ni yóò san gbogbo rẹ̀. Orúkọ, ìrísí àti ìwọ̀n ni a fi ń dá oògùn mọ̀ nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Hóró lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó lílọ̀, pípò àti wíwọ̀n? Oògùn olómi bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́. Bí kò bá ní èròjà tí ń dènà ìbàjẹ́, ọjọ́ 14 nínú fìríìjì ni ìlànà USP ti Amẹ́ríkà fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ìyá ọmọ yóò máa padà wá.

Àwọn alátakò yóò ní oògùn àpòfúnni léwu. Wọn yóò rán wa létí My Pikin, oògùn eyín tí ó pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà láàárín 2008 sí 2009. Ọ̀ràn ẹkún ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aṣeoògùn ni ó ṣe é, kì í ṣe apoògùn tí ó pò ó fún ọmọ kan tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa ni ti Massachusetts ní 2012, níbi tí abẹ́rẹ́ tí ilé ìpoògùn kan pò ti pa ènìyàn tí ó lé ní 60. Ilé ìpoògùn náà ti ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2013 kò pa iṣẹ́ náà rẹ́. Ó ya ẹni tí ń pò fún aláìsàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń ṣe é lọ́pọ̀.

Wọn yóò tún ní jìbìtì yóò wọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni owó oògùn àpòfúnni ga kọjá ààlà lọ́wọ́ TRICARE, ètò ìlera àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ní 2015, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ èròjà kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó sanwó; kò ti ilẹ̀kùn pa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Kí NHIA fi ìlà kan sínú àkójọ rẹ̀ fún owó èròjà àti owó iṣẹ́ apoògùn. Kí ó jẹ́ ìwé dókítà tí ó ní orúkọ aláìsàn kan nìkan ni a ó fi gbà á, ní ibi tí ìgbìmọ̀ apoògùn ti fọwọ́ sí. Kí a má sì ṣe sanwó àpòfúnni níbi tí irú rẹ̀ bá ti wà lórí àtẹ.

Orúkọ a máa ro ènìyàn. Ètò tí a pè ní adójútòfò, òfò ni ó yẹ kí ó dójú tì. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n dé iwájú apoògùn, tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́ ni ó yẹ kí ojú tì.