Ojú pípọ́n tí kì í ṣe ibà

Bí ẹyinjú àgbàlagbà kan bá pọ́n bí ìyeyè ní Soclogbo, láàrin àwọn òkè Dassa-Zoumè, ibà pọ́njú ni orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ará ilé. Wọn a sì gbé àgbo kaná. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kò ṣìnà, nítorí ibà àti àrùn ẹ̀dọ̀ wọ́pọ̀ lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú pípọ́n kan wà tí kò bá ibà rìn. Ara aláìsàn kò gbóná, inú lè má tilẹ̀ run ún. Ìtọ̀ rẹ̀ a máa dúdú, ìgbẹ́ rẹ̀ a máa funfun bí ẹfun, ara a máa yún un, a sì máa rù. Nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí kókó jẹjẹrẹ ti dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà bọ́ sínú ìfun.

Inú páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ni kókó náà ti ń hù. Òun ló ń pèsè ínsúlínì tí ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àtọ̀gbẹ tó ṣàdédé bá àgbàlagbà tó ń rù fi yẹ ní yíyẹ̀wò. Lọ́dún 2022, jẹjẹrẹ yìí pa ènìyàn tó lé ní 460,000 lágbàáyé.

Síbẹ̀, ìròyìn tó ń bọ̀ láti òkèèrè kò burú. Lọ́dún 2011, ní ilẹ̀ Faransé, dókítà Thierry Conroy ti ìlú Nancy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi FOLFIRINOX, àkópọ̀ oògùn mẹ́rin, tọ́jú àwọn tí àrùn ti tàn ká ara wọn: ìdajì wọn lò ju oṣù 11 lọ láyé, nígbà tí oògùn àtijọ́ kò fúnni ju bí oṣù 7. Lọ́dún 2018, wọ́n fún àwọn tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ní irú oògùn kan náà. Ìdajì wọn lò ju oṣù 54 lọ. Oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àsìkò tí a rí àrùn náà ló yàtọ̀, bí ẹnì kan péré nínú márùn-ún ló sì ń tètè dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ.

Àwọn ìròyìn tuntun náà kò yí èyí padà tán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n dán wò ní New York, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ta ara àwọn 8 jí nínú 16. Gbogbo wọn ni a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún tẹ́lẹ̀. Daraxonrasib, tó ń dojú kọ àbùkù jíìnì tó wà nínú ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ yìí, lè wúlò fún ẹni tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kó tó dé Collines.

Kò sí àyẹ̀wò kan tí a lè ṣe fún gbogbo ìlú. Ojú ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ ekógíráfì tí a fi ń wo oyún lè fi hàn bí ọ̀nà òróòro bá ti wú. Sikánà yóò wá wo kókó náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ kan ṣoṣo tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ àrùn ló kọ́kọ́ ń fa ìdádúró, kí ọ̀rọ̀ owó tó dé. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni nípa ìlera ní èdè abínibí ya ojú pípọ́n pẹ̀lú ibà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní ibà, kí oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì gbọ́.

Owó ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni a ń gba FOLFIRINOX lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, fún oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ Kútọnu ni ará Soclogbo ti ń gbà á, ìrìn-àjò 12 nìyẹn, bí igba kìlómítà ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa sìn ín lọ.