Gómìnà, ẹ wá sùn ní Ìkọ̀yà lóru ọjọ́ kan

"A bá yín kẹ́dùn o." Ẹ̀yin tèmi, ẹ ti ka gbólóhùn yẹn lójú òpó Facebook àwọn olóṣèlú wa débi pé ó ti sú yín. Ó ti sú èmi náà. Kí olórí mọ ohun tó ń dun ọmọlàkejì ju kí agbẹnusọ rẹ̀ kọ ìwé ìbánikẹ́dùn lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2020. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ìbọn dún ní Lẹ́kí, Ààrẹ Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ó sọ ètò tí ìjọba rẹ̀ ní fún ọ̀dọ́, ó ní kí wọ́n kúrò ní títì, ó kìlọ̀. Kò dárúkọ Lẹ́kí rárá! Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkìtìpupa, wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n 58 sílẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ Ààrẹ ló fà á o. Iná ti ń jó káàkiri ni, ẹni tó yẹ kó bu omi pa á ò sì mọ ibi tó ń ta àwọn èèyàn lára.

Rótìmí Akérédolú ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ọ́wọ̀, lọ́jọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, Abuja ló wà. Ọjọ́ náà ló padà sílé. Mo gbóríyìn fún un. Àmọ́ Ọ̀wọ̀ ni ìlú rẹ̀. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ń jó, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní eré sísá?

Ibi tó le ni ìyà tí kámẹ́rà kì í wá. Ẹ wo Ìkọ̀yà, ìlú Abodi, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní agbègbè Òkìtìpupa àti gúúsù Oǹdó fi wà láìrí iná ìjọba. Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà, agbára rẹ̀ sì lé ní mẹ́gáwáàtì 300. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Ẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, òùngbẹ ń gbẹ yín.

Bábà á kọ́kọ́ ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kó tó gé irun ẹnì kan. Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín á tà á ní iyekíye kílẹ̀ tó ṣú, kó má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á sanwó kó tó ṣaájì fóònù. Kò sẹ́ni tó kú, torí náà gómìnà kankan ò ní sáré wá láti Abuja.

Lucky Ayédatiwa, tó di gómìnà lẹ́yìn ikú Akérédolú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ọmọ Ìlàjẹ ni. Gúúsù Oǹdó náà ló ti wá, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé òkùnkùn yẹn fún un. Nítorí náà, mi ò bi í bóyá ó káàánú wa. Kó wá sùn ní Ìkọ̀yà, kó má gbé jẹnẹrétọ̀ dání, kó mú ọ̀gá BEDC lọ́wọ́. Kí wọ́n jókòó ti bábà, ti ẹlẹ́ja, kí wọ́n bi wọ́n pé èló lepo ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dákẹ́ títí àwọn yẹn á fi sọ̀rọ̀ tán. Tílẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ síta ní sẹkitéríàtì Òkìtìpupa: àdúgbò tí iná ti dé, àti ọjọ́ tó máa dé èyí tó kù.