Òṣòdì Tápà Ti Gbọ́ Potogí Kí Pápákọ̀ Òfuurufú Tó Dé

Láti Mile 2 títí dé Ìyànà-Ìpájà, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ pariwo: "Òṣòdì! Òṣòdì Òkè! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Èrò á rọ́ wọnú dáńfó, wọ́n á há ara wọn mọ́ra, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 2019, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bèèrè pé ta ni Òṣòdì ọ̀hún gan-an, débi tí yóò fi gbọ́ pé ọkùnrin tí ọba Èkó rán lọ sókè òkun nítorí àtikọ́ èdè Potogí ni.

Ọmọ Tápà ni, láti ilẹ̀ Núpé. Láńdùjí lorúkọ rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tó bá ara rẹ̀ l'Ékòó, tó sì di èèyàn Ọba Èṣìnlókun, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1829. Ìtàn tí àwọn ará Èkó ń sọ ni pé, bí òwò ọba náà pẹ̀lú àwọn Potogí ṣe ń gbòòrò, ó fa Láńdùjí àti ọmọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ Dàda Antonio lé àwọn oníṣòwò náà lọ́wọ́, pé kí wọ́n mú wọn kọjá òkun, kí wọ́n lọ kọ́ èdè àti ìṣe wọn. Nígbà tó padà, òun ni aṣojú ọba níwájú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Òun ló ń dúnàá dúrà, òun ló ń gba ẹ̀tọ́ ọba lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ikú Èṣìnlókun, ó tẹ̀lé Kòsọ́kọ́, ọmọ ọba náà tí òun náà wá jọba, ó di balógun rẹ̀, ó bá a sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù kejìlá 1851. Ọdún 1862 ni wọ́n padà, ó tẹ̀dó sí ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì kú ní 1868. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló wá mọ́ ilẹ̀ tí à ń pè ní Òṣòdì lónìí lára.

Ẹ má jẹ́ kí a fi adùn ìtàn tan ara wa jẹ o. Ẹrú ni òwò náà. Àwọn lẹ́tà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá láàfin Kòsọ́kọ́, èdè Potogí ni wọ́n fi kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ títà àti ríra èèyàn ló sì kún inú wọn. Èdè tí Òṣòdì kọ́ kò mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà kọ́ ọ yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí pé ó dára ju ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òbí ní Ìsọlọ̀, Òkòta àti Máfólúkù ń gbà rán ọmọ lọ sí Bràsíìlì lónìí.

Kì í tilẹ̀ ṣe òun nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1600, Olú Ìtsẹkírì rán ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dom Domingos lọ kàwé ní Pọ́túgà. Ó lò tó ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ó fẹ́ obìnrin Potogí, ó sì padà wá jọba ní Wárì gẹ́gẹ́ bí Olú Atuwatse Kìn-ín-ní. Orúkọ rẹ̀ ni ọba tí wọ́n dé ládé níbẹ̀ ní 2021 ń jẹ́.

Ohun tó hàn nínú ìtàn Òṣòdì ni pé ẹni tó rán an mọ̀ pé èdè gan-an ni iṣẹ́ tó ń lọ ṣe. Lóde òní, ìwé-ẹ̀rí ni ẹbí máa ń fojú sùn, èdè ni wọ́n máa ń sọ pé "yóò kọ́ ọ níbẹ̀." Ẹ jẹ́ kí a wo bí "níbẹ̀" ọ̀hún ṣe rí.

Ìjọba Bràsíìlì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní PEC-G, tó ti wà láti 1965, tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti Áfíríkà, Látìn Amẹ́ríkà àti ibòmíràn sí yunifásítì láìgba owó ilé-ẹ̀kọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kópa. Oúnjẹ àti ilé wà lọ́rùn ẹbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gbọ́ Potogí yóò kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan kọ́ ọ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni yóò jókòó ṣe ìdánwò Celpe-Bras, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Ìdánwò yìí kì í bèèrè gírámà lọ́tọ̀. Wọ́n á fi fídíò hàn ọ́, wọ́n á jẹ́ kí o gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n á fún ọ ní ìwé méjì kà, o ó sì kọ lẹ́tà tàbí àròkọ lé wọn lórí bí ẹni tó ń gbé ìlú náà. Lẹ́yìn èyí ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ojúkojú fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fìdí rẹmi kò lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó tìtorí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan bá ní kí ọmọ òun dé ibẹ̀ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè, owó ọkọ̀ òfuurufú ló ń fi ta tẹ́tẹ́ yẹn.

Ìdánwò nìkan kọ́. Láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó bá dé, àlejò gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́pàá Àpapọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà CPF, èyí tí wọn yóò máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fẹ́ ra síìmù, bó bá fẹ́ gba ilé, bó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báńkì. Potogí ni wọ́n ń sọ ní gbogbo ọ́fíìsì wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Èkó gbójú lé kò sì ta púpọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìtajà pàápàá lè dójú ti èèyàn. Wọ́n á kọ PUXE sí i, wọ́n á sì máa pè é ní nǹkan bíi "púṣì." Ọmọ tó ti Òṣòdì dé á fi gbogbo agbára tì í, bẹ́ẹ̀ "fà á" ni wọ́n ní kó ṣe.

Etí Yorùbá kì í ṣe etí òfo síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín o àti ọ, tó ń da àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láàmú, kò ṣòro fún ẹni tó ti ń sọ "oko" àti "ọkọ" láti kékeré: avó ni ìyá àgbà, avô ni bàbá àgbà, bí ọ àti o tiwa gẹ́lẹ́ ni. Fáwẹ̀lì àránmúpè tó wà nínú sim àti um, a ní wọn nílé. Pijin tí wọ́n fi ń tajà lábẹ́ afárá Òṣòdì pàápàá, "sabi" àti "pikin" inú rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Potogí la ti rí wọn. Ibi tó le ni pé gbogbo nǹkan ni èdè náà pín sí akọ àti abo, títí kan àga àti tábìlì. Ọkùnrin á dúpẹ́ pé obrigado, obìnrin á ní obrigada. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sì kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é: dia, tó jẹ́ ọjọ́, "jíà" ni wọ́n ń pè é ní ọ̀pọ̀ ìlú, r tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á dún bíi h. Tí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ bá wá gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe olùkọ́ wọn lórúkọ àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo.

Kí ló wá ń gba àwọn tó lọ là? Iṣẹ́ àti ìbákẹ́gbẹ́ ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní àárín ìlú São Paulo, lágbègbè República, tí wọ́n ń ta aṣọ àti ẹ̀yà fóònù. Ẹni tó ń dúnàá dúrà pẹ̀lú oníbàárà látàárọ̀ dalẹ́ máa ń gbọ́ èdè kíákíá, nítorí pé ebi ò ní jẹ́ kó dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Òṣòdì Tápà ṣe gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òun àti ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta bá jọ gba ilé, tí wọ́n ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, tí wọ́n ń sọ Pijin, tí fóònù sì ń bá wọn túmọ̀ ìyókù, lè lo ọdún kan kó má lè bèèrè ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ má bá ará ilé rẹ̀ jẹun. Àmọ́ ilé oúnjẹ yunifásítì, níbi tí ìrẹsì àti ẹ̀wà kò ti ń pọwó, tí èèyàn á jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ rí, ń kọ́ni ju kíláàsì lọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọmọ Yorùbá nìkan ní. Ní Salvador, ìlú tí wọ́n ti ń ta àkàràjẹ́ lójú títì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn ní Yorùbá, pàápàá àwọn onísìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì ìlú náà dá CEAO, ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn ayé, sílẹ̀ ní 1959, kò sì pẹ́ tí E. L. Láṣẹ́bìkan fi dé láti ilẹ̀ wa láti máa kọ́ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Félix Ayoh'Omidire, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ifẹ̀, kọ Àkọ̀gbádùn, ìwé tó ń fi Potogí kọ́ni ní Yorùbá. Wákàtí kan Yorùbá fún wákàtí kan Potogí: pàṣípààrọ̀ tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni.

Nílé ńkọ́? Faransé ni ìjọba sọ di èdè kejì láyé Abacha, ó sì bójú mu, nítorí àwọn aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n Potogí wà lára èdè mẹ́ta tí ECOWAS ń lò, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ débi ìwé-ẹ̀rí. Ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tí Ààrẹ Tinúbú lọ sí Brasília, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnnà òfuurufú. Bí ọkọ̀ bá ń fò tààrà sí São Paulo, ariwo rẹ̀ ni àwọn ará Àjàò Estate yóò máa gbọ́ lórí òrùlé wọn, èrò rẹ̀ yóò sì máa gba Òṣòdì kọjá. Ó dára kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá jáde, kí wọ́n bèèrè fún àgùnbánirọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ Potogí jáde ní Ifẹ̀, kí wọ́n fi pátákó àti ẹ̀rọ agbóhùn lé e lọ́wọ́. Oṣù mẹ́fà irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò ní sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀jọ̀gbọ́n, àmọ́ yóò tó fún ọmọ Ìsọlọ̀ kan láti dúró níwájú Ọlọ́pàá Àpapọ̀, kó dáhùn orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun tó bá wá, láìwá ògbufọ̀ kiri.