Ẹ Kọ Nọ́ńbà Ìwé Ilé Sára Ìpolówó

Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ ṣí ìpolówó ilé kan tí wọ́n ń tà ní Èkó, èyíkéyìí. Ẹ máa rí iye yàrá, iye ilé ìyàgbẹ́, iye mọ́tò tó lè gbà nínú ọgbà, bóyá ó ní BQ, bóyá POP ni àjà rẹ̀. Ẹ máa rí fídíò tí orin ń lù lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á wá kọ “Title: C of O” sí, ó parí. C of O ta ni? Nọ́ńbà wo? Ṣé ti ilé yìí gan-an ni, àbí ti odindi ilẹ̀ ńlá tí wọ́n gé e kúrò lára rẹ̀? Kò sí èsì. Ohun tí àwa ń sọ kò ju pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí i, kí a tó jáde nílé láti wá wò ó. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó sọ ìdí.

Iṣẹ́ sọfitíwíà ni àwa tọkọtaya ń ṣe. Ó ti tó oṣù méje tí a ti ń wá ilé tí a máa rà, ilé 17 la sì ti wò: Ìkòròdú, Ayọ̀bọ̀, Ìgandò, Sángotẹ̀dó, títí dé Mówé tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà. Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹ́jẹ́ǹtì á ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó “inspection”, ₦5,000 tàbí ₦10,000, ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pàdé. Ẹ máa gbéra ní Sátidé, ẹ máa jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ máa débẹ̀ kí ẹ tún bá ẹ́jẹ́ǹtì kejì tí òun náà fẹ́ gba tiẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n á máa pe ìyàwó ní “mummy wa”, wọ́n á máa pe ọkọ ní “daddy”, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló dàgbà jù wá lọ.

Ojú wa ti là níbi ká wo ilé. Ilé tí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣì ń rùn, ìsàlẹ̀ ògiri la kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni àmì ibi tí omi dé nígbà òjò máa ń wà, ọ̀dà ò sì lè bò ó pẹ́. A máa ń ṣí ẹ̀rọ omi bóyá ó ń yọ. (Sínkì kan wà ní Ayọ̀bọ̀ tí kò so mọ́ páìpù kankan. Omi tí a dà sí i, ẹsẹ̀ wa ló bọ́ lé.) A máa ń bi ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta pé, “Ẹ kúulé o, Mà, ṣé omi máa ń wọ àdúgbò yìí?” Ìyá náà kì í gba owó inspection, òótọ́ ló sì máa ń sọ.

Gbogbo ìyẹn, ojú lè rí i. Èyí tí ojú ò lè rí ni ẹni tó ni ilé. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Aláùsá ní àdírẹ́sì tiẹ̀: nọ́ńbà báyìí, ojú ewé báyìí, ìdìpọ̀ báyìí. Òun ni lọ́yà máa mú dání lọ síbẹ̀, tó máa sanwó ìwádìí, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fi ilé náà yáwó ní báǹkì? Ṣé kò sí ẹni tó ń jà sí i? Láìsí nọ́ńbà, agbára káká ni ìwádìí fi máa ń bọ́ sí i. Ó dà bí kí wọ́n rán yín níṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n ní ẹ máa rí obìnrin kan tó ń sun àgbàdo níwájú ilé náà.

Nínú ilé 17 yìí, 3 péré la rí nọ́ńbà wọn gbà kí a tó san kọ́bọ̀. Àwọn yòókù, ìdáhùn kan náà ni: “Ẹ wá wo ilé ná, ọ̀gá mi, ìwé ò níṣòro.” Ọ̀kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wa: tí òun bá fún wa ní nọ́ńbà, a máa gba ẹ̀yìn òun lọ bá onílé, kọmíṣọ̀n òun á sì wọgbó. A gbọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́, àwọn oníbàárà kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ mú wa wá, a máa fọwọ́ sí i. Ṣé torí kọmíṣọ̀n ẹnì kan la ṣe máa di ojú ra ilé?

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń dá a láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé tí olórí ẹbí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ojúlé, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹbí kan ló yọ́ ọ tà lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà ò sí rárá, bí ẹni da owó sínú ọ̀sà ni. Òfin ilẹ̀ ti 1978 tún wá gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ní C of O gan-an ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Torí náà, ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀, ẹbí lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹ́jẹ́ǹtì tí kò sí nínú wọn nìkan lẹ wá rí bá sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Onílé ń fi ọ̀dà pupa ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ máa ṣe. Ní 2016, Èkó ṣòfin tó lè sọ àwọn ajagungbalẹ̀ àti ẹni tó bá ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ sẹ́wọ̀n. Òfin tó dáa ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ti jẹ owó ẹni tán ló máa ń wúlò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ wẹ́ẹ̀bù àti áàpù ìpolówó ilé, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí. A bi ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nírú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí fọ́ọ̀mù wọn ní àyè fún swimming pool, tí kò ní àyè fún nọ́ńbà ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ló ń sanwó, àwọn tó ń wá ilé ò san nǹkan kan. Ẹ ò rí nǹkan! Kì í ṣe pé ó ṣòro: àpótí kan lórí fọ́ọ̀mù, òpó kan nínú database, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni tí iná ò bá lọ. Àwa kan náà là ń pariwo káàkiri pé blockchain ló máa tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ní Áfíríkà. Blockchain wo? Ẹ kọ́kọ́ fi àpótí kan sí i ná. Irọ́ tí ẹ bá kó sínú blockchain, irọ́ tí kò ṣeé pa rẹ́ ló máa dà.

Àtakò tó lágbára jù tí a gbọ́, ẹnu bàbá wa kan ló ti wá. Wọ́n ní tí gbogbo ayé bá lè mọ ẹni tó ni ilé, àwọn ajínigbé àti ẹbí onílara á mọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá. A ò lè fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn. Ní England pàápàá, ó di December 1990 kí wọ́n tó ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Kó tó dìgbà náà, onílé ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Lónìí, àwọn èèyàn wa tó wà ní London lè jókòó sórí ibùsùn wọn, kí wọ́n san owó díẹ̀, kí wọ́n rí orúkọ onílé àti gbèsè báǹkì tó wà lórí ilé. Ohun tí àwa ń bèèrè ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi orúkọ pamọ́. Ìwé tó ní nọ́ńbà yìí, ṣé ó wà? Ṣé ilẹ̀ yìí ló wà fún? Ṣé gbèsè tàbí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ni ajínigbé fẹ́ fi “bẹ́ẹ̀ ni” ṣe?

Ẹnì kan á tún ní ọ̀pọ̀ ilé tí apá irú wa ká ò tiẹ̀ ní C of O. Òótọ́ ni. Risíìtì ẹbí, àgírímẹ́ǹtì àti sọ́fè ni wọ́n ní. Kí wọ́n kọ ìyẹn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà sọ́fè sí i, torí nọ́ńbà yẹn náà ṣeé gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀. Ilé bẹ́ẹ̀ lè wù wá, iye tó tọ́ sí i la kàn máa ná an. Ohun tó ń dunni ni kí wọ́n gba owó ilé tó níwèé lọ́wọ́ ẹni lórí ilé tí kò ní.

Ẹ má sì sọ fún wa pé ká wá ẹni tó mọ èèyàn ní Aláùsá. Gbogbo ẹni tó ti ra ilé ló ní “èèyàn” kan. Ẹni tí kò ní èèyàn ńkọ́? Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gírátúítì, nọ́ọ̀sì tó ń dá àjọ láti ọdún mẹ́wàá, ta ni wọ́n fẹ́ pè?

Láti oṣù tó kọjá, a kì í jáde mọ́ kí nọ́ńbà tó dé. Ọ̀rọ̀ kan náà la ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilé yín wù wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni nọ́ńbà ìwé rẹ̀, tàbí nọ́ńbà sọ́fè? Owó inspection yín wà nílẹ̀, a máa san án tí lọ́yà wa bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.” Ẹ́jẹ́ǹtì 14 la fi ránṣẹ́ sí. 8 ò fèsì. 2 bú wa, ọ̀kan ní ó dájú pé a ò lówó ilé lọ́wọ́. 4 fi ránṣẹ́. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ẹ̀yin náà máa fi ránṣẹ́. Tí èèyàn 100 bá ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹtì kan, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ béèrè lọ́wọ́ onílé.

Nínú 4 yẹn, lọ́yà wa ti gbé ọ̀kan lọ sí Aláùsá ní Mọ́ńdè. Ìgandò ló wà, yàrá mẹ́ta. A ò tíì mọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe rí.