Ògógóró Kì Í Wo Làkúrègbé

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, bí oríkèé ẹsẹ̀ bá wú, tó ń ta èèyàn, orúkọ kan là ń pè é: làkúrègbé. Ìtọ́jú tó sì sábà máa ń tẹ̀lé e ni gbòǹgbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń sọ ọ́ gbangba: àṣà yìí ń pa wá lára.

Ilé ńlá ni ọ̀rọ̀ náà, làkúrègbé. Ọ̀pọ̀ àìsàn ló ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀kan ni gout, tó sábà máa ń kọ́kọ́ mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, uric acid, tí kíndìnrín ń bá wa tọ̀ jáde. Bó bá pọ̀ jù, yóò dì sínú oríkèé bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara yóò gbé abẹ́rẹ́ náà mì, wàhálà dé. Nínú sẹ́ẹ̀lì yìí ni àwọn purotéènì kan ti ń kó ara wọn jọ di ohun tí Jürg Tschopp àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland sọ ní inflammasome ní 2002. Ní 2006, wọ́n fi hàn pé abẹ́rẹ́ uric acid ń jí i. Bó bá ti jí, yóò tú interleukin-1 síta bí agogo akéde: oríkèé yóò wú, yóò pọ́n, yóò gbóná bí iná.

Kí wá ni iṣẹ́ ògógóró níbẹ̀? Ọtí ń mú kí uric acid pọ̀ sí i, ó tún ń dí kíndìnrín lọ́wọ́ láti gbé e jáde. Ẹni tó ń fi ògógóró wo gout ń fi bẹntiróòlù paná.

Ẹ óò ní, "Bàbá wa mu ún, ó sì fi wọ́n sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Ìrora gout máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí a ò tiẹ̀ mu nǹkan kan. Ọtí kàn gba ọpẹ́ ọlọ́pẹ̀ẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ìrora ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

A ò bá egbòogi jà o. Ara ewéko ni wọ́n ti rí colchicine tí àwọn dókítà ń lò fún gout títí dòní. Ọtí là ń bá jà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin oníṣègùn wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife, kó béèrè: làkúrègbé wo nìyí?