Wọ́n Fún Ọmọ Wa ní Àwọ̀, Wọ́n sì Gba Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ní ọdún egúngún tí ó kọjá, mo fa ọmọ àbúrò mi ọkùnrin lọ́wọ́, ó di ojúde agboolé wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Èkó ni wọ́n ti ń tọ́ ọ. Ìlù bàtá ń dún, àwọn ìyá ilé ń ki oríkì, eégún ilé wa sì yọ láti inú igbàlẹ̀, ẹ̀kú rẹ̀ ń tàn yanran nínú oòrùn. Mo wólẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo fà lọ́wọ́ figbe ta, ó kó sí abẹ́ agbádá mi: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa sá lọ! Àwọn ẹ̀mí burúkú inú kátúùnù yẹn ni! Wọ́n fẹ́ gbé wa lọ sínú ilẹ̀!”

Bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ ni a pè wá sí ayé láti wá súre fún un. Òun gan-an ni ọmọ náà ń sá fún. Kò sí oníwàásù kan tí ó jókòó tì í láti sọ fún un pé ibi ni eégún. Àwòrán tí ń rìn, tí ń kọrin, tí ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín ni ó kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ láti wo ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní fi epo bọ iyọ̀.

Ó pẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti ń jà lórí ojú tí kátúùnù fi ń wò wọ́n, ìjà òtítọ́ sì ni. Nínú Dumbo, tí ilé iṣẹ́ Disney gbé jáde ní 1941, àwọn ẹyẹ kannakánná kan wà tí wọ́n fi ń sín àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ. Olórí wọn ń jẹ́ Jim Crow nínú ìwé ilé iṣẹ́ náà, orúkọ kan náà tí a fi ń pe òfin ìyàsọ́tọ̀ tí ó fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn wa níbẹ̀. Òyìnbó kan, Cliff Edwards, ni ó yá ẹyẹ náà ní ohùn. Ní 1943, Warner Bros. gbé Coal Black and de Sebben Dwarfs jáde, níbi tí wọ́n ti fi ètè wíwú àti ojú yíyọ ṣe aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀sín. Ọdún 1968 ni wọ́n tó kó irú kátúùnù bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá kúrò lórí amóhùnmáwòrán.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn Ìjàpá àti ère alátè rí, bí Ìjàpá olè ti gbá ère létí tí ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú la òkun já. Ní Amẹ́ríkà, Ehoro ni ó gba ipò Ìjàpá. Òyìnbó kan, Joel Chandler Harris, kó àwọn ìtàn náà sínú ìwé, Disney sì fi wọ́n ṣe Song of the South ní 1946: ènìyàn gidi àti kátúùnù pọ̀ nínú rẹ̀, baba arúgbó aláwọ̀ dúdú kan ń rẹ́rìn-ín, ó ń pìtàn fún ọmọ òyìnbó ní oko ńlá, bí ẹni pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni rí ní irú oko bẹ́ẹ̀. James Baskett ni ó ṣe baba náà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Oscar pàtàkì ní 1948. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta, kò lè bá wọn péjọ, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀. Wọ́n gba ìtàn lọ́wọ́ wa, wọ́n yá ohùn ọmọ wa lò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Ọdún 2009, ọdún 72 lẹ́yìn Snow White, ni Disney tó ya ọmọ ọba obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Tiana ni orúkọ rẹ̀, The Princess and the Frog ni orúkọ fíìmù náà. Ayọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé tó wo ojú Tiana yó, ó ti di ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ni ó sì jẹ́ ní apá tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà. Ní 2019, nínú Spies in Disguise, wọ́n sọ akọni aláwọ̀ dúdú di ẹyẹlé. Ní 2020, nínú Soul, Joe Gardner, olùkọ́ orin, jìn sínú kòtò. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ padà sí ayé, inú ológbò ni ó kó sí, ẹ̀mí mìíràn sì wọ inú ara rẹ̀, ohùn obìnrin òyìnbó kan, Tina Fey, ni ẹ̀mí náà sì fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìgbà kọ̀ọ̀kan tí àga bá kan dúdú, ẹranko ni ó máa ń jókòó sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ èyí ṣáájú mi. Àròyé tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tí tiwọn parí sí. Bí wọ́n tilẹ̀ fi Tiana sílẹ̀ ní ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn tí ń ka àwọ̀ kò kà.

Ta ni ọ̀tá Tiana? Dókítà Facilier ni, oníṣẹ́ Vodou. Ta ni àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́? Àwọn ìbòjú gbígbẹ́ tí wọ́n jọ iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Áfíríkà, tí ojú wọn ń tàn nínú òkùnkùn. Ó jẹ wọ́n ní gbèsè, ó sì ṣèlérí ẹ̀mí gbogbo ará New Orleans fún wọn. Nígbà tí kò rí i san, àwọn ìbòjú náà lu ìlù, wọ́n kọrin, wọ́n sì wọ́ ọ lọ sínú ilẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó kù lára òkúta ibojì. Ẹ̀yin ará, ibojì, ìbòjú, ìlù, òkú tí ó padà wá: kí ni ó kù tí wọn kò tíì mú nínú ọdún egúngún àti ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ọmọ dúdú wo Tiana, ó ní, “Èmi nìyí.” Fíìmù kan náà sì ń sọ fún un pé ẹ̀sìn àwọn tí ó bí i ni ibi tí òun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun. Ohun tí mo ń wí nìyẹn: wọ́n fún ọmọ wa ní àwọ̀, wọ́n sì gba orí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Vodou kì í ṣe àlejò sí wa. Vodun ilẹ̀ Benin àti Togo ni gbòǹgbò rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ń dá Fá bí a ti ń dá Ifá. Ní Haiti, ìdílé àwọn ẹ̀mí kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, orúkọ tí a fi ń pe Yorùbá, Ògún sì wà láàrin wọn. Ní 1809, àwọn ènìyàn tí ó ju 9,000 lọ, òmìnira àti ẹrú, tí ogun Haiti ti lé dé Cuba tẹ́lẹ̀, ṣí wá sí New Orleans, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé ẹ̀sìn wọn dání. Ẹ̀sìn tí ó jẹ́ kí àwọn tí a kó lẹ́rú rántí pé ènìyàn ni wọ́n ni Facilier ń fi pawó ní ojú títì.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé, “Mama Odie ńkọ́? Ṣebí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ Vodou, ó sì jẹ́ ènìyàn rere.” Òótọ́ ni, n kò sì ní fi òótọ́ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí orin rẹ̀. Orin ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi sí i lẹ́nu. Oníṣẹ́ ibi ni ó ni ìbòjú àti ìlù. Nígbà tí Vodou bá fẹ́ ṣe rere, ó gbọ́dọ̀ kọrin bí ọmọ ìjọ. Ẹ wo ejò rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ouidah, ejò òjòlá ní ilé òrìṣà tirẹ̀, ẹ̀dá ọ̀wọ̀ ni. Ejò Mama Odie, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti ìránṣẹ́ ni. Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Juju, ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń tàbùkù gbogbo ohun tí a ń bọ.

Kí a má rò pé àwọn ayàwòrán wọ̀nyí kò mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Coco, tí ó jáde ní 2017, ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwọn òkú ilẹ̀ Mẹ́síkò ń padà wá sílé lọ́dọọdún, a gbé àwòrán wọn sórí pẹpẹ, a gbé oúnjẹ síwájú wọn, ẹni tí a bá sì gbàgbé yóò parẹ́. Ìyẹn gan-an ni à ń wí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé! Àgbà ọkùnrin sunkún níbi fíìmù náà. Kí ló dé tí pẹpẹ àwọn ará Mẹ́síkò fi jẹ́ ìfẹ́, tí tiwa sì jẹ́ ẹ̀rù?

Ìdáhùn kò jìnnà. Ní 2013, Disney fẹ́ fi orúkọ ọdún òkú náà sábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ohun ìní tirẹ̀. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò kígbe, ilé iṣẹ́ náà sì jáwọ́. Lalo Alcaraz, ayàwòrán tí ó bú wọn jù, ni wọ́n padà pè láti gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí Coco. Àwọn Sámi ńkọ́, ẹ̀yà kékeré ní àríwá Yúróòpù, tí gbogbo wọn kò tó olùgbé Ìbàdàn nìkan? Kí Frozen 2 tó jáde ní 2019, àwọn aṣojú wọn bá Disney tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n sì gbọ́ fíìmù náà ní èdè ara wọn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Àwọn kan yóò ní kátúùnù lásán ni. Ní àwọn ọdún 1940, Kenneth Clark àti Mamie Clark gbé ọmọláńgidi funfun àti dúdú síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní funfun ni ó dára, wọ́n ní dúdú ni ó burú. Ọmọláńgidi lásán ni, ṣùgbọ́n ó wà lára ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ gbé yẹ̀ wò nígbà tí ó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní 1954. Ní oṣù Òkúdù 2015, ní Rio de Janeiro, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan ń bọ̀ láti ibi ìsìn Candomblé nínú aṣọ funfun rẹ̀. Wọ́n bú u, wọ́n sì sọ òkúta bà á lórí. N kò sọ pé kátúùnù ni ó sọ òkúta náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó sọ ọ́ ti jẹ́ ọmọdé rí, ẹnìkan sì ti kọ́ ọ pé èṣù ni ó wọ aṣọ funfun yẹn.

Wàyí o, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Bíbélì tí Ajayi Crowther jẹ́ aṣíwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó fi orúkọ Èṣù pe sàtánì, òyìnbó kọ́ ni Crowther. Fíìmù Yorùbá mélòó ni a ti wò tí babaláwo jẹ́ onígbàjámọ̀ ẹ̀mí, tí pásítọ̀ sì fi omi àti ariwo ṣẹ́gun rẹ̀? Àwa ni a kọ ọ́, àwa ni a ṣe é, àwa ni a rà á. Bí a bá ń bú Facilier, kí a rántí pé ó ní ẹ̀gbọ́n nínú ilé wa.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkínní, ẹ bá àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sì túmọ̀ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ sọ fún wọn ẹni tí ìbòjú náà í ṣe gan-an. Èkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ̀ṣe máa kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù, ti òkèèrè àti ti ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Mẹ́síkò ti ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwa náà ṣe tiwa. Ọ̀nà ti là. Ní 2023, Shofela Coker gbé Moremi jáde láàrin àwọn kátúùnù kúkúrú mẹ́wàá tí ń jẹ́ Kizazi Moto. Ní 2024, àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe Iwájú, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé, lórí Èkó ọjọ́ iwájú. Owó wa, òpìtàn wa àti àwọn àgbà awo wa ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn irú wọn, kí òrìṣà lè wọ inú àwòrán pẹ̀lú ọlá rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ wálé fún ọdún egúngún tí ń bọ̀. Láti ìsinsìnyí ni mo ti ń kọ́ ọ ní oríkì bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ lórí fóònù ní alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ti mọ ìlà mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé wọ́n máa mọ orúkọ mi?” Mo ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i.

Ìṣẹ̀ṣe ni àgbà. Orí àwọn ọmọ wa kò ní sọnù. Àṣẹ.