Bàbá Mọ Mẹ́fà, Ọmọ Mọ Méjìlá



Nínú ilé kan ní Kétu, ọmọ ń ka iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ sókè pé: «Kétu wà ní ẹkùn Plateau, Pobè ni olú-ìlú rẹ̀.» Bàbá jágbe mọ́ ọn: «Irọ́ ni! Ẹkùn Ouémé ni Kétu wà, Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa.» Ọmọ pa ìwé dé, ó ń sunkún.

Bàbá kò purọ́, ọmọ kò sì ṣìnà. Nígbà tí bàbá wà ní ilé ìwé, ẹkùn 6 ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní. Òfin ọdún 1999 ló pín wọn di 12; ní 2016 ni ìjọba sì yan olú-ìlú fún àwọn tuntun.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn láti kọ́ wọn ni kí á so wọ́n ní méjì-méjì, ti àtijọ́ pẹ̀lú èyí tó yọ lára rẹ̀. Ouémé, Àjàṣẹ́, Plateau, Pobè. Zou, Abomey, Collines tí Ṣábẹ wà, Dassa-Zoumé. Mono, Lokossa, Couffo, Aplahoué. Borgou, Parakou; Alibori, Kandi. Atacora, Natitingou, Donga, Djougou. Ti Atlantique nìkan ló yàtọ̀: Littoral ló mú Kútọnu lọ, Allada wá di olú-ìlú Atlantique. Ẹ rán ọmọ létí pẹ̀lú pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ wa, bí ọ́fíìsì ìjọba tilẹ̀ pọ̀ ní Kútọnu.

Ẹ má jẹ́ kí ó máa kà á bí ayékòótọ́. Orúkọ náà ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí. Ouémé, Zou, Mono, Couffo àti Alibori, odò ni wọ́n. Atacora jẹ́ òkè. Collines ni àwọn òkè kéékèèké, Plateau ni ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú, Littoral ni etí òkun.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ya ilẹ̀ wa sórí iyanrìn àgbàlá. Kí ọmọ kọ́kọ́ fi òkúta sí ìlú tirẹ̀, kí ó tó lọ sí Parakou àti Kandi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ti bàbá Kétu, kí ó pe ọmọ náà padà, kí ó wí pé: «Mẹ́fà ni mo mọ̀. Wá kọ́ mi ní mẹ́fà tó kù.» Ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò ní dín kù.